Kí A Tó Pààrọ̀ Oríkèé Ìbàdí, Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Ọkàn Léèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí iṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ìyá àti bàbá wa àgbà, èyíinì ni pípààrọ̀ oríkèé ìbàdí, àti ohun tí ó so iṣẹ́ abẹ yìí pọ̀ mọ́ ọkàn.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ogún ọdún nínú ọ̀rọ̀ ìbàdí arúgbó. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá lọ́nà méjì. Lọ́nà kìíní, àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé Òkè Ọya ni àwọn ẹbí máa ń pè láti ṣe ògbufọ̀ nígbà tí àgbàlagbà bá wà níwájú dókítà tí kò gbọ́ èdè wa. Lọ́nà kejì, àwọn kan wà láàrin wa tí ìbàdí wọn lè bàjẹ́ kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún. A ó dé orí ìyẹn níwájú.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Kàdúná ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a dàgbà sí. Yorùbá inú ilé ni a gbọ́. Hausa ni ti àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé-ìwé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìbàdí ìyá tí ó bí ìyá wa, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, bàjẹ́ débi pé wọn kò lè dìde lórí àpótí láìdi nǹkan mú. Dókítà eegun ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, àwa ni wọ́n ní kí a ṣe ògbufọ̀, nítorí pé dókítà tí a bá níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, Màmá Àgbà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Dókítà ní kí a bi wọ́n bóyá ọkàn wọn ní ìṣòro kankan. Àwa náà yíjú sí wọn, a ní, "Màmá, ṣé ọkàn yín kò ní ìṣòro?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." A sọ fún dókítà pé ọkàn wọn kò ní ìṣòro. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ẹ̀yin náà rí ibi tí a ti ṣìnà. Ọkàn tí dókítà béèrè ni ẹran ara tí ń lù kì-kì-kì nínú àyà, tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ọkàn tí Màmá Àgbà dáhùn ni ibi tí ìgbàgbọ́ àti ìbẹ̀rù ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa Yorùbá ń lò fún méjèèjì. Ẹni tí ó gbọ́ èdè dáadáa kò ní béèrè bẹ́ẹ̀.

Orí ló bá wa ṣe é. Kí a tó kúrò níbẹ̀, dókítà mìíràn dé, ọ̀kan nínú àwọn tí ń fún aláìsàn lóògùn akunnilóorun. Ọmọ Ìlọrin ni. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá Àgbà, ó wá ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, bí ẹ bá ń gbálẹ̀, ṣé ẹ máa ń dúró mí kí ẹ tó gbá a tán?" Màmá ní àwọn kì í gbálẹ̀ mọ́, nítorí èémí. Ó ní, "Ìrọ̀rí mélòó ni ẹ fi ń sùn?" Wọ́n ní, "Mẹ́ta ni. Bí mo bá sùn gbalaja, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n fún mi lọ́rùn." Ó ní, "Bàtà yín ńkọ́ mà, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́?" Wọ́n ní bàtà kì í wọ ẹsẹ̀ àwọn mọ́ lọ́wọ́ alẹ́, ẹsẹ̀ ti wú.

Ó wọn ìfúnpá wọn, ó rí 190 lórí 110. Ó ní ọkàn Màmá kò rí agbára ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, omi sì ti ń dúró sí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Inú bí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà sí i. Àwa náà bínú, nítorí a ti gbàyè kúrò ní ilé-ìwé. Nígbà tí a wá ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ni a mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n sún síwájú yẹn ni wọ́n ṣe ìyá wa lóore jù. Ohun tí a kà ni a fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

KÍ NI PÍPÀÀRỌ̀ ORÍKÈÉ ÌBÀDÍ?

Eegun itan ní orí roboto kan lókè. Orí yìí jókòó sínú ihò kan lára eegun ìbàdí, bí orí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó. Ohun kan tí ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ ló bo orí eegun àti inú ihò náà, òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Lára ẹlòmíràn, bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ohun yíyọ̀ yìí á jẹ tán, eegun á wá máa lọ eegun. Ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rìn, kì í sì í jẹ́ kí ó sùn.

Nínú iṣẹ́ abẹ náà, dókítà á gé orí eegun tí ó ti bàjẹ́ kúrò. Á ki irin sínú eegun itan. Orí irin náà á jẹ́ roboto, yálà irin ni tàbí tánganran líle. Á sì fi ike líle tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́ inú ihò ìbàdí. Àwọn kan máa ń fi sìmẹ́ńtì eegun lẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń dán an wò. Ní 1891, Themistocles Gluck ti fi eyín erin ṣe oríkèé fún aláìsàn ní Berlin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró ni John Charnley, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wrightington. Ike tí ó kọ́kọ́ lò tètè jẹ, ó sì ní láti tún iṣẹ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1962 ó rí ike tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti tàn káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ilé ìwòsàn eegun ìjọba bíi ti Ìgbóbì ní Èkó, Dala ní Kánò àti ti Enúgù wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn jù nídìí iṣẹ́ eegun.

Ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bí àgbàlagbà bá ṣubú tí eegun itan rẹ̀ sì ṣẹ́, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò lè dúró, ewu rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tí à ń sọ ni iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún. Irú èyí ní àǹfààní kan tí ti eegun ṣíṣẹ́ kò ní: ó ní àkókò. Àkókò yìí ni a fi ń wo igi gogoro láti òkèèrè.

KÍ LÓ KAN ỌKÀN NÍNÚ IṢẸ́ ÌBÀDÍ?

Ìbàdí jìnnà sí àyà lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sí méjèèjì. Ọ̀nà márùn-ún ni iṣẹ́ abẹ yìí ń gbà di ẹrù lé ọkàn lórí:

1. Ẹ̀jẹ̀ dídànù. Eegun itan ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, ọkàn gbọ́dọ̀ yára lù kí ìwọ̀nba tí ó kù lè tó gbogbo ara. Ọkàn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ebi ẹ̀jẹ̀ pa òun fúnra rẹ̀.

2. Ìrora. Ara tí wọ́n gé máa ń tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ọkàn sáré, tí ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru.

3. Oògùn akunnilóorun. Yálà wọ́n kun ènìyàn lóorun pátápátá ni o, tàbí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ lè kú, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sáré lè lọ sílẹ̀ lójijì.

4. Dídì ẹ̀jẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá ti wà, ara á múra láti dí i, ẹ̀jẹ̀ á sì máa tètè dì. Èyí tí ó bá dì sínú iṣan ọkàn lè dí i pa. Èyí tí ó bá dì sí iṣan ẹsẹ̀ lè já, kí ó gba inú ọkàn kọjá lọ dí ẹ̀dọ̀fóró.

5. Ọ̀rá inú eegun. Bí wọ́n bá ń ti irin àti sìmẹ́ńtì wọ inú eegun, ọ̀rá díẹ̀ lè sá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí apá ọ̀tún ọkàn máa tiraka láti ti ẹ̀jẹ̀ kọjá.

Ọkàn tí ara rẹ̀ le máa ń ru ẹrù márààrún yìí láìwí nǹkan kan. Ọkàn tí ó ti rẹ̀ ni a ń bẹ̀rù fún.

BÁWO NI EWU NÁÀ TI PỌ̀ TÓ?

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé nọ́ńbà lè dẹ́rù bani lásán, ó sì lè tanni jẹ.

Ní ilẹ̀ Denmark, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012. Wọ́n wo 66,524 ènìyàn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí wọn láàrin 1998 sí 2007, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí wọ́n ń wá ni hààtì atáàkì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn dí, tí apá kan ọkàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ewu náà fi ìlọ́po 25 ju ti àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po 5. Lẹ́yìn náà ó padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí.

Ìlọ́po 25! Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí nìkan lè ní kí ìyá òun kú sórí àga. Ẹ dúró ná. Ìlọ́po nǹkan kékeré lè jẹ́ nǹkan kékeré síbẹ̀. Ìwádìí kan náà ló sọ pé láàrin ọ̀sẹ̀ 6 náà, hààtì atáàkì ṣe nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000. Àwọn 995 yòókù kò ní in. Bẹ́ẹ̀ ni ewu náà kò sì rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ti pé 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wúwo fún jù. Lára àwọn tí kò tíì pé 60 ọdún, wọn kò rí i pé ewu náà lé sí i lọ́nà tí ó hàn gbangba. Ẹni tí hààtì atáàkì sì ti ṣe láàrin oṣù 6 kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ewu rẹ̀ fi ìlọ́po 4 ju ti àwọn yòókù lọ.

Ti ikú ńkọ́? Ní England àti Wales, wọ́n ka 409,096 iṣẹ́ abẹ ìbàdí tí wọ́n ṣe nítorí làkúrègbé láàrin 2003 sí 2011. Àwọn 1,743 ló kú láàrin 90 ọjọ́. Ní 2003, ó jẹ́ nǹkan bí 56 nínú 10,000. Nígbà tí ó fi máa di 2011, ó ti já sí 29 nínú 10,000. Ìdajì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́! Wọ́n rí i pé ikú ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn dípò kí wọ́n kùn wọ́n lóorun pátápátá, àti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tàbí ohun èlò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ní Sweden ẹ̀wẹ̀, wọ́n rí i pé láàrin nǹkan bí ọdún 10 àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún yìí ń pẹ́ láyé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ díẹ̀. Ẹ má rò pé irin ìbàdí ló ń fún wọn ní ẹ̀mí gígùn. Ara ìdí rẹ̀ ni pé dókítà kì í ṣe é fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbà á. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn ni pé àyẹ̀wò tí ń bí wa nínú wà lára ohun tí ó mú kí nọ́ńbà náà dára.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé nọ́ńbà òkè òkun ni ìwọ̀nyí. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò bá ti rọrùn láti rí, àyẹ̀wò ṣáájú ló ṣe pàtàkì jù.

ÀWỌN WO NI KÍ A FI OJÚ SÍ LÁRA?

Ní 1999, dókítà Thomas Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé àmì 6 kalẹ̀ tí a lè fi mọ ẹni tí iṣẹ́ abẹ lè yọ ọkàn rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀kan dá lórí irú iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn 5 yòókù wà lára aláìsàn:

(a) ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti há tàbí tí hààtì atáàkì ti ṣe rí;
(b) ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́;
(d) ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí;
(e) ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe tí ó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlín;
(ẹ) ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí àmì bá ti ń pọ̀ lára ènìyàn ni ewu ń pọ̀ sí i. Màmá Àgbà ní (b), a kò sì mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí nínú àmì wọ̀nyí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè bí púpọ̀ nínú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi 180 lórí 110 ṣe ààlà: ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ná. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà 2014 ní kí ẹni tí hààtì atáàkì ṣe dúró fún 60 ọjọ́, ó kéré tán, kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan.

BÍ A ṢE Ń BI ỌKÀN LÉÈRÈ NÍ YORÙBÁ

Ẹ̀yin tí wọ́n lè pè ṣe ògbufọ̀ lọ́la, ẹ kọ apá yìí sínú ìwé yín. Ẹ má ṣe béèrè pé "ṣé ọkàn yín dára?" Ohun tí ojú ń rí tí ara sì ń mọ̀ ni kí ẹ béèrè:

1. "Ṣé àyà máa ń dùn yín, tàbí kí ó rí bí ẹni pé wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e, bí ẹ bá ń rìn tàbí tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?" Ẹ ṣọ́ra níbí o. Àyà dídùn yàtọ̀ sí àyà jíjá. Àyà jíjá ni ti ìbẹ̀rù.
2. "Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìdúró mí?" Bí kò bá sí àtẹ̀gùn ní àdúgbò yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè rìn gun òkè láìdúró. Bí ó bá jẹ́ pé ìbàdí ni kò jẹ́ kí wọ́n rìn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, kí ó lè fi ọ̀nà mìíràn yẹ ọkàn wò.
3. "Ìrọ̀rí mélòó ni ẹ fi ń sùn? Ṣé èémí máa ń jí yín lóru?"
4. "Ṣé ẹsẹ̀ máa ń wú yín lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́?"
5. "Ṣé ọkàn yín máa ń lù kìjikìji láìsí ìdí, tàbí kí òòyì kọ́ yín títí ẹ ó fi dákú?"
6. "Kí ni gbogbo ohun tí ẹ ń lò, ti dókítà, ti kẹ́míìsì, àti àgbo?"

Ohun tí àgbàlagbà bá sì sọ gan-an ni kí a sọ. Àwọn mìíràn máa ń fi àìlera pa mọ́ nítorí kí wọ́n má baà sún ọjọ́ síwájú, àwọn mìíràn nítorí kí ọmọ má baà náwó. Ògbufọ̀ kì í bá wọn fi pa mọ́.

KÍ ỌJỌ́ IṢẸ́ ABẸ TÓ PÉ

Oògùn ìrora. Àwọn oògùn bíi diclofenac, ibuprofen àti piroxicam tí à ń rà ní kẹ́míìsì fún ìrora oríkèé máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára. Wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì ń fi kún ewu hààtì atáàkì. Ọdún méjì ni Màmá Àgbà fi lo irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ìbàdí wà lára ohun tí ń rin ọkàn mọ́lẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí aláìsàn má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ èyí tí kò gbọdọ̀ lò ní òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ. Kí ó má sì ṣe yá ti aládùúgbò lò nígbà tí ọjọ́ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008, tí 8,351 ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 23 kópa nínú rẹ̀, fi èyí hàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn kan ní oògùn metoprolol, tí ń dẹ eré ọkàn, ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Hààtì atáàkì dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ sí i. Oògùn tí ó dára lè di ewu bí àkókò rẹ̀ kò bá bọ́ sí i.

Sìgá. Kí ẹni tí ń mu ún dáwọ́ dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú.

Ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Kí ẹbí náà tètè wá àwọn tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ la wúlò jù níbí.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ti parí, kí wọ́n sì túra sílẹ̀. Ẹ rántí ìwádìí Denmark: ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ni kí ojú má ti kúrò lára aláìsàn, kí á sì máa ṣọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ohun kan wà tí ó yà wá lẹ́nu. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2014, tí wọ́n fi wo àwọn ènìyàn tí ó lé ní 15,000 tí wọ́n ti pé 45 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ, fi hàn pé nínú àwọn tí ọkàn wọn fara pa láàrin 30 ọjọ́, nǹkan bí 84 nínú 100 ni kò mọ nǹkan kan lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí. Oògùn ìrora wà lára ohun tí ó lè bo àyà dídùn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe dúró de ìgbà tí aláìsàn bá di àyà mú. Bí èémí bá ń le, bí òógùn tútù bá bò ó, bí èébì bá ń gbé e láìsí ìdí, bí àgbàlagbà bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ràn-ìn-ràn-ìn, bí ọkàn bá ń sáré, tàbí tí ojúgun ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn ún, kí a ké sí nọ́ọ̀sì tàbí kí a gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Kì í ṣe ohun tí à ń dúró di ilẹ̀ mọ́ fún.

Kí aláìsàn dìde rìn ní kété tí wọ́n bá ti ní kí ó rìn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró ló ń dì. Kí ó sì lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ẹlòmíràn á jù ú nù nígbà tí ọgbẹ́ bá ti jiná lókè. Ọgbẹ́ òkè nìkan ni ojú rí o.

Ẹ̀YIN ẸLẸGBẸ́ WA TÍ Ẹ NÍ FÒNÍKÚ-FỌ̀LADÌDE

Ọ̀rọ̀ tí a ní a ó dé orí rẹ̀ nìyí. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ó rí bíi dòjé bá dí iṣan tí ń bọ́ orí eegun itan, orí eegun náà á kú, á sì rún. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ ẹni ogún ọdún fi wà lára àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀ ìbàdí fún ní ilẹ̀ wa. Ọkàn tiwọn ti ń ṣe iṣẹ́ àṣelé láti kékeré, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pọ̀. Ewu tiwọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sábà máa ń wá láti ẹ̀dọ̀fóró àti ìrora líle ju hààtì atáàkì lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi hàn pé fífún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ ń dín ewu yìí kù. Kí wọ́n mu omi tó, kí òtútù má mú wọn, kí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sì wà nítòsí. Bí ìbàdí bá ń dùn ọ́ tí o sì ń tiro, má ṣe rò pé ìrora tí ó ti mọ́ ọ lára ni. Tètè lọ ya fọ́tò eegun náà.

ÀKÓTÁN

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tọ́jú ọkàn Màmá Àgbà. Omi fà lára wọn, ìfúnpá wálẹ̀, ìrọ̀rí mẹ́ta di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn kan náà tí a bínú sí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún wọn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dìde dúró. Àwa ni a di ọwọ́ wọn mú. Nígbà tí dókítà ọmọ Ìlọrin náà wá kí wọn, Màmá Àgbà nawọ́ sí wa, wọ́n ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọmọ yìí ní Yorùbá." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, ojú sì tì wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀kan nínú ìdí tí a fi wọ ẹgbẹ́ yìí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún àti èyí tí a ṣe nítorí eegun ṣíṣẹ́?
2. Dárúkọ mẹ́ta nínú ọ̀nà márùn-ún tí iṣẹ́ abẹ ìbàdí ń gbà di ẹrù lé ọkàn.
3. Ọ̀rẹ́ rẹ ní òun kò ní jẹ́ kí bàbá òun ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí pé ewu rẹ̀ "fi ìlọ́po 25 pọ̀ sí i". Fi nọ́ńbà inú ẹ̀kọ́ yìí dá a lóhùn.
4. Báwo ni ìwọ yóò ṣe bi ìyá àgbà léèrè nípa ọkàn rẹ̀ láìdárúkọ ọkàn rárá?
5. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a dúró de àyà dídùn kí a tó ké sí dókítà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?